Géèmù ayé àtijọ́ lókè òkun: ta ló ṣì mọ Sega?

Bàbá Ìbejì, Leeds
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí Sega Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí à ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, rà ní car boot sale, èyí àkọ́kọ́, tó ní ihò hẹ́dífóònù níwájú. Irú tí à ń sanwó láti gbá ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Mushin gan-an ni. Inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí bóyá rédíò ni. Nílé, ìyàwó mi ní kí n gbé pàǹtí mi kúrò ní pálọ̀, àwọn ọmọ sì ń wá ibi tí wọ́n ti máa tan Wi-Fi rẹ̀.

Kò bá adáptọ̀ wá. Mo ní ti ẹ̀rọ géèmù Nintendo àtijọ́ kan, tí wọ́n ń pè ní NES, ẹnu rẹ̀ sì wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ṣé kí n fi tàn án wò? Tẹlifíṣọ̀n wa náà ò ní ju ihò HDMI lọ.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, Birmingham
Ẹ dákun, ẹ má dán an wò! Wíwọ̀ tó wọ̀ ọ́ yẹn gan-an ni ewu ibẹ̀. AC, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ni adáptọ̀ NES ń gbé jáde, DC 9 volt, iná tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo, sì ni Mega Drive ń jẹ. Ẹ lè fi ba ẹ̀rọ yín jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 9V DC sí lára, tó tó 1.2 ampere. Ẹ tún wo àwòrán róbótó kékeré tó wà lára rẹ̀: àmì − ló gbọ́dọ̀ wà láàárín, kí + wà lóde. Bí ampere bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò séwu, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ bá fẹ́ ló máa fà. Volt àti − òun + ni ẹ ò gbọdọ̀ fi ṣeré.

Kásẹ́ẹ̀tì tí géèmù wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ mọ́. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, ṣùgbọ́n omi ẹnu ń bá atẹ́gùn yẹn wọlé, ó sì ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Yíyọ tá a yọ ọ́ tá a tún tì í bọ̀ ọ́ ló ń mú un ṣiṣẹ́, kì í ṣe fífẹ́. Ẹ rẹ òwú tí wọ́n fi ń ro etí sínú ọtí ìnu-nǹkan tí wọ́n ń pè ní isopropyl, ẹ fi nu eyín irin ìsàlẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì lọ sókè sódò. Òwú àkọ́kọ́ á dúdú kirikiri. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ títí á fi máa jáde ní funfun, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston
Ẹ̀yin ará Britain, ṣé ẹ mọ̀ pé Sonic, géèmù Sega tó lókìkí jù, yára níbí ju tiyín lọ? 60 Hz (ìgbà 60 ni àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan) la fi ń gbá a níbí, 50 Hz ni tiyín, ọ̀pọ̀ géèmù ni wọn ò sì tún ṣe kó bá a mu. Genesis la ń pe Mega Drive níbí, láti 1989.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé Genesis lọ sílé ní Nàìjíríà, ẹ fi adáptọ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀. 120 volt ló mọ̀. Iná ilé á jó o kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Ìyá Olóúnjẹ, Croydon
Ẹ má bínú sí mi o, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú ra kékeré tuntun yẹn? Ọmọ mi ní ọ̀kan, HDMI ló ń lò.

Ẹ̀gbọ́n Oníwáyà, Birmingham
Mega Drive Mini ti 2019 nìyẹn, ìyá mi. Ó dára, géèmù 42 ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Bàbá Ìbejì, ní ti tẹlifíṣọ̀n: waya SCART, irú tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, lẹ máa rà, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń yí i sí HDMI. Olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí àwòrán pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́, ẹ máa tẹ páàdì, Sonic á ti jìn sí kòtò. Nínú àwọn ẹ̀rọ ìyípadà yẹn, OSSC tàbí RetroTINK ló dára, owó rẹ̀ kàn ga ni. Ẹ tan Game Mode tẹlifíṣọ̀n náà, ìyẹn ètò tó ń dín ìpẹ́ àwòrán kù. Èmi o, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ẹlẹ́yìn gbàǹgbà ni mo fara mọ́. Ẹ béèrè lórí Facebook Marketplace, wọ́n máa ń fi tọrẹ torí pé ó gba àyè. Ẹni tó bá sì fẹ́ yìnbọn Duck Hunt, géèmù NES tí wọ́n fi ń yìnbọn sí pẹ́pẹ́yẹ, àyàfi òun náà. Ìbọn yẹn kì í ríran lórí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ.

Ará Ìlọrin, São Paulo
Ẹ máa bọ̀ ní Brazil jàre. Tectoy, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ Sega níbí, tún tu Mega Drive jáde ní 2017. Kò sí ẹni tó máa pè é ní rédíò.

Bàbá Ìbejì, Leeds
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé adáptọ̀ Nintendo jù sápótí. Báwo wá ni mo ṣe máa fi mú àwọn ọmọ yìí? Wọ́n gbìyànjú Sonic lórí fóònù mi, nígbà tí wọ́n kú tán, tí wọ́n bá ara wọn níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó ti bàjẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston
Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ wá Streets of Rage 2, ẹ mú páàdì kan, ẹ fún ọmọ kan ní èkejì. Ẹ jọ máa na àwọn ìpátá ni. Bí ìjà bá le, kò ní béèrè Wi-Fi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Bradford
Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbàǹgbà wà ní gáréèjì mi, ínṣì 21, ihò SCART rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Mi ò gbowó. Ẹ kàn mú ẹni tó lágbára dání, ó wúwo.

Bàbá Ìbejì, Leeds
Mo ti kọ sí yín níkọ̀kọ̀, ẹ̀gbọ́n. Sátidé ńkọ́?