Ìwà ọmọlúàbí àwọn Lakota: kí ni wọ́n ń ṣe gan-an lójoojúmọ́?

Àdùkẹ́_Tíṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kọ́ nípa àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a sì ti dé orí àwọn Lakota, àwọn tí ìwé máa ń kà mọ́ Sioux. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ìwà mẹ́rin ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ: ìgboyà, ọ̀làwọ́, ìfaradà àti ọgbọ́n. Ibòmíràn ní méje ni, àdúrà àti ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì fi ṣíwájú níbẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó, ọmọ kan bá nawọ́ sókè: "Tíṣà, kí wá ni wọ́n máa ń ṣe?" Mi ò rí èsì tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Ẹni tó bá ti bá wọn gbé rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

ÌyáNọ́ọ̀sì_RapidCity

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Rapid City, ní South Dakota, lẹ́bàá àwọn òkè tí àwọn Lakota ń pè ní Ȟe Sápa, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Black Hills. Mò ń tọ́jú Lakota, mo sì ń bá Lakota ṣiṣẹ́. Ẹ má da ara yín láàmú lórí mẹ́rin àbí méje, méjèèjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ.

Ọ̀làwọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni mo fojú ara mi rí. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà ló ti ń rán kúbùsù. Àjákù aṣọ kéékèèké ni wọ́n ń rán mọ́ra wọn títí á fi di ìràwọ̀ ńlá kan tó gba gbogbo àárín kúbùsù, tí pupa á máa wọ inú àwọ̀ ọsàn, tí ọsàn á máa wọ inú yẹ́lò. Tó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, á sùn díẹ̀, á tún jókòó ti máṣíìnì. Àbúrò rẹ̀ ń ra táwẹ̀lì àti abọ́ pamọ́. Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n pe ẹbí àti ará àdúgbò sí gbọ̀ngàn kan ní Pine Ridge, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Lakota ní South Dakota, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ tọrẹ. Gbogbo rẹ̀ pátá! Àwọn tó gbẹ́ ibojì gba kúbùsù, ẹni tó máa ń gbé ọmọ náà lọ sílé ẹ̀kọ́ gbà, èmi tí mo kàn bá a ṣe iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìsìnkú náà gbà. Wọ́n á pe orúkọ, onítọ̀hún á dìde, á gba tirẹ̀, á wá bọ àwọn ẹbí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń ṣòkú là ń náwó fún. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń fúnni. Ìjọba Amẹ́ríkà bá àṣà yìí jà gan-an ni. Òfin tí wọ́n gbé jáde ní 1883 fi òǹtẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ lu ijó oòrùn wọn, tó jẹ́ ìjọsìn ńlá fún wọn, ó sì ka fífi dúkìá tọrẹ nígbà ọ̀fọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n lè fi oúnjẹ tí ìjọba ń pín du ẹni tó bá ṣe é, wọ́n sì lè tì í mọ́lé. Síbẹ̀ àwọn èèyàn yìí ò jáwọ́.

Ẹ tún wo ibi oúnjẹ. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni jẹun, wọ́n á bu díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sè sínú abọ́ kan, wọ́n á gbé e síta fún àwọn tó ti lọ. Lẹ́yìn náà àwọn ọ̀dọ́ á gbé oúnjẹ lọ bá àwọn àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí. Ike onídèérí tí ẹ bá rí lábẹ́ àga, wateca ni wọ́n fẹ́ fi kó lọ sílé, ìyẹn oúnjẹ tó bá ṣẹ́ kù.

Onítàn_ÒkèỌ̀nà

Ẹ ṣeun, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Tíṣà, tó bá di ti ìfaradà, ẹ sọ ìtàn Black Hills yẹn fún wọn. Àdéhùn Fort Laramie tí ìjọba Amẹ́ríkà bá wọn ṣe ní 1868 fi àwọn òkè náà sílẹ̀ fún wọn. Àwọn òyìnbó rí wúrà níbẹ̀, ìjọba sì gba ilẹ̀ náà ní 1877. Ní 1980, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé kí wọ́n san owó ìtanràn fún wọn, ó lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là. Wọ́n ní àwọn ò gbà, ilẹ̀ àwọn làwọn ń béèrè. Owó náà ń bí èlé níbi tó wà, ó ti kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là báyìí, wọn ò fọwọ́ kàn án. Pine Ridge sì wà lára ibi tí òṣì ti pọ̀ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà.

ÌyáNọ́ọ̀sì_RapidCity

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ n fi ti àwọn ọ̀dọ́ kún un, torí ọmọdé ni Tíṣà ń kọ́. Láti 1879 ni wọ́n ti ń kó ọmọ Lakota lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Carlisle, ní Pennsylvania, wọ́n á gé irun wọn, wọ́n á fòfin de èdè wọn. Àwọn kan kú síbẹ̀. Ní 2015, àwọn ọ̀dọ́ láti Rosebud, ilẹ̀ Lakota mìíràn ní South Dakota, yà síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Washington, wọ́n rí àwọn ibojì náà, wọ́n sì béèrè pé kí ló dé tí a ò gbé àwọn èèyàn wa wá sílé. Wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní oṣù keje 2021, ọmọ mẹ́sàn-án padà sí Rosebud.

Àdùkẹ́_Tíṣà

Orí mi wú! Ẹ̀yin Ìyá Nọ́ọ̀sì, èwo nínú ìṣe wọn làwọn ọmọ mi lè ṣe láìjẹ́ pé wọ́n ń fi àṣà oní-àṣà ṣeré?

ÌyáNọ́ọ̀sì_RapidCity

Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi. Láti yìnyín àkọ́kọ́ dé yìnyín àkọ́kọ́ ni ọdún tiwọn láyé àtijọ́. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa fi rántí ọdún náà, ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ á yà á sára awọ. Ọ̀pọ̀ irú awọ bẹ́ẹ̀ ló ya òru tí ìràwọ̀ já bọ́ bí òjò ní 1833.

Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn náà á tètè yé wọn. Até ni wọ́n ń pe bàbá, até náà ni wọ́n ń pe àbúrò bàbá tó jẹ́ ọkùnrin. Iná ni ìyá àti ẹ̀gbọ́n ìyá tó jẹ́ obìnrin. Mo ti tọ́jú ìyá àgbà kan tí ọmọdé kún yàrá rẹ̀ dẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wọn ń pè é ní uŋčí, ìyẹn ìyá àgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ ọmọ rẹ̀.

Àmọ́ páìpù mímọ́ tí wọ́n fi ń gbàdúrà, inípi, ìyẹn ètò ìwẹ̀nùmọ́ nínú àgọ́ olóoru, àti ijó oòrùn, kí wọ́n má fi ṣe eré lórí ìtàgé o. Ní 1993, àpérò àwọn Lakota, Dakota àti Nakota gbé ìkéde líle jáde tako àwọn tó ń fi nǹkan wọ̀nyí ṣòwò àti àwọn tó ń sín wọn jẹ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n.

Ní ti àwòrán ọdún, ẹ fún wọn ní páálí ńlá kan, kí wọ́n jókòó yí i ká, kí wọ́n jiyàn lórí ohun tí wọ́n máa yà. Ẹ̀yin ẹ má bá wọn yàn án. Tí wọ́n bá yà á tán, ẹ bá mi gbé fọ́tò rẹ̀ síbí, mo fẹ́ fi han alábàáṣiṣẹ́ mi yẹn.