Akúdàáyà ni àbí Bàbátúndé? Lórí alùpùpù Triumph Scrambler

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò tíì tán: kí la ó máa pe "scrambler" ní Yorùbá, ìyẹn alùpùpù tí wọ́n ṣe fún ibi tí kò sí títì, kí la ó sì máa pe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmọ́ tí wọ́n fún ní ìrísí àtijọ́?

Ẹni tó mú "arápálá" wá fún scrambler, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí agbára ti tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ń rápálá. Èyí tí wọ́n sá ní Camberley, ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1924, tí wọ́n pè ní scramble, eré àsápajúdé ni, lórí òkè, nínú ẹrẹ̀, níbi tí kò sí títì. "Alagbó" tí ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá, ìyẹn èyí tó ń la igbó kọjá, tẹ́ mi lọ́rùn. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i, alágbo ni wọ́n máa kà, wọ́n á sì bi yín bóyá àgbo jẹ̀dí wà.

Apá kejì ló le. "Àtijọ́" kò tó. Máṣíìnì tí bàbá mi àgbà ń gùn lọ sóko (wọn kì í pè é ní alùpùpù láyé wọn), àtijọ́ nìyẹn, torí pé ó ti gbó. Scrambler tí Triumph, ilé-iṣẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 2006 kò gbó. Àwọn TR6C, alùpùpù Triumph tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960 ló fìwà jọ: sàlẹ́ńsà rẹ̀ kì í gba ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ló ń gbà kọjá, kí àpáta má baà gbá a. Nígbà tó yá, wọ́n yọ kábúrétọ̀ (èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì) kúrò, wọ́n fi ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí dípò rẹ̀, wọ́n sì ṣe ara ẹ̀rọ ọ̀hún kó jọ kábúrétọ̀!

Ẹnìkan ní ká pè é ní akúdàáyà. Mo rẹ́rìn-ín, torí ó bá ìtàn wọn mu. Siegfried Bettmann, ọmọ Jámánì, ló dá Triumph sílẹ̀, Coventry ni ilé-iṣẹ́ wọn wà. Alùpùpù wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1902. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì ló wó ilé-iṣẹ́ náà ní 1940, wọ́n bá kó lọ sí Meriden. Meriden kógbá wọlé ní 1983. John Bloor, oníṣòwò ilé kíkọ́, ra orúkọ náà, ó sì kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun sí Hinckley. Ó kú ní Meriden, wọ́n rí i ní Hinckley.

Ṣùgbọ́n akúdàáyà máa ń sá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ará ilé bá ti fojú kàn án lọ́jà báyìí, ó di àwátì. Èyí kò sá fún ẹnikẹ́ni, àwọn tó mọ bàbá gan-an ló ń wá a kiri. Bàbátúndé ni. Ara tuntun, eegun tuntun, ojú bàbá àgbà ló gbé wá, gbogbo ẹbí sì kéde rẹ̀ níbi ìkómọ. Alagbó bàbátúndé ni tèmi. Ẹ lè sọ pé aago bàbátúndé, rédíò bàbátúndé, kò sí èyí tí kò gbà á.

Ní ti "heritage" tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, mi ò gba "ogún". A kì í ra ogún lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù onígbèsè, Bloor kò sì bá wọn tan. Oríkì ni mo máa pè é. Pé Steve McQueen, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, gun Triumph nínú ìdíje ní Ìlà-Oòrùn Jámánì ní 1964, oríkì nìyẹn. Ẹni tó bá ra orúkọ, ó ra oríkì mọ́ ọn.

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni alùpùpù Royal Enfield Bullet. Láti 1955 ni wọ́n ti ń tò ó ní Madras, ní Íńdíà, wọn ò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ilé-iṣẹ́ Redditch nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá sílé. Bàbá ò kú, báwo ló ṣe máa túndé?