Ìjì Milton ti kọjá, ṣé ká máa bọ̀ nílé ni àbí ká ṣì dúró?

Ìyá Ìbejì (Tọ́sìdeè, 10 October 2024, alẹ́)

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú alẹ́ o, ẹ dákun ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí torí orí mi ti gbóná. St. Petersburg ní Florida là ń gbé, ìsàlẹ̀ ilé la háyà, Zone A, ìyẹn àwọn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kó kúrò. Nígbà tí ìjì Helene dé ní 26 September a ò lọ síbì kankan, omi dé ẹnu ọ̀nà wa lóru, ó dúró, ó padà, mo ní láyé mi mi ò tún ní jókòó wo irú ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Mọ́ńdè ni mo ti kó àwọn ọmọ àti ìyá ọkọ mi sí mọ́tò, ọkọ mi ò lè bá wa lọ torí ọsibítù ló ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní kó máa sùn síbi iṣẹ́. Ọ̀nà tí a máa ń fi wákàtí 4 rìn dé Valdosta ní Georgia, wákàtí 11 la lò lórí I-75, inú ike omi làwọn ìbejì ń tọ̀ sí.

Ní báyìí ìjì ti wọlé ní Siesta Key lálẹ́ àná, ó ti bá tiẹ̀ lọ. Omi òkun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ò dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ní ṣe ni ìjì tiẹ̀ fa omi Tampa Bay sẹ́yìn, àmọ́ òjò tó rọ̀ ní St. Pete lé ní ínṣì 18. Aládùúgbò kan tí ò kúrò ní òun ò lè sọ bóyá omi wọlé wa, òkùnkùn ni gbogbo àdúgbò, pé wọ́n tún ní kí wọ́n máa se omi ẹ̀rọ kí wọ́n tó mu ún. Láńdílọ́ọ̀dù ò gbé fóònù. Owó hòtẹ́ẹ̀lì tó kù lọ́wọ́ mi ò lè kọjá Sátidé, ìyá wa náà ò sì jẹ́ n sinmi, "ṣé ilé ni ò sí mọ́ ni?" láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ṣé kí n máa bọ̀ lọ́la ni? Àbí kí n dúró, kí ni mò ń dúró dè gan-an?

Ọlọ́kọ̀ Gbọọrọ (Tọ́sìdeè, alẹ́)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ lójú ọ̀nà. Tírélà ni mò ń wà, mo mọ ọ̀nà yẹn bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ MÁ BỌ̀ lọ́la. Epo dà? Ọ̀pọ̀ ilé epo tó wà ní Tampa ló ti gbẹ kí ìjì tó dé, èyí tí epo ṣì wà nínú ilẹ̀ ẹ̀ ò ní iná tí wọ́n máa fi fà á jáde. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó ju mílíọ̀nù 3 ni ò níná ní Florida bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin nìkan, ọmọ 2, màmá àgbà, kí mọ́tò wá kú lẹ́bàá ọ̀nà lóru, ta lẹ fẹ́ pè?

Houston ni mo wà ní 2005 nígbà tí ìjì Rita ń bọ̀. Katrina ṣẹ̀ṣẹ̀ ba New Orleans jẹ́ tán, ẹ̀rù ti bà wá, gbogbo ìlú bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wákàtí 19 ni mo lò kí n tó dé Dallas, oòrùn ń sè wá bí ẹyin, a ò sì lè tan ẹ́síì torí kí epo má bàa tán. Rita padà yà lọ sápá ibòmíì, kò wọ Houston tààrà. Àwọn tó kú lójú ọ̀nà pọ̀ ju àwọn tí ìjì fúnra ẹ̀ pa lọ, bọ́ọ̀sì kan tó kó àwọn arúgbó gbiná nítòsí Dallas, èèyàn 23 ló bá a lọ. Ó ti tó ọdún 19, mi ò tíì gbàgbé òórùn ojú ọ̀nà ọjọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá máa bọ̀ ṣá, ẹ kún táǹkì ní Georgia, ẹ tún rọ sí i ní Lake City, ẹ má jẹ́ kó dé ìdajì kẹ́ ẹ tó wá ilé epo. Ẹ wo FL511, ìkànnì tó ń sọ bí ọ̀nà Florida ṣe rí, bóyá àwọn afárá ti ṣí. Gbogbo oríta tí iná ojú títì ti kú, ẹ dúró pátápátá níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọjá, àwọn kan máa ń sáré kọjá bíi pé àwọn nìkan ni Ọlọ́run dá.

KòSíWàhálà22 (Fráìdè, àárọ̀)

Àǹtí ẹ máa bọ̀ jàre. Nígbà ìjì Ian lọ́dún 2022 Cape Coral ni mo wà, ọjọ́ kejì ni mo ti padà délé, mo bá òrùlé tó ṣí, mo ta tàpólì sí i kí òjò míì tó dé. Ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi dúró lọ́sẹ̀ kan gbáko sílé àbúrò ẹ̀, ìgbà tó fi máa dé, ògiri ẹ̀ ti bu látilẹ̀ dókè, ó ń hu irun dúdú bí ẹran. Ọjọ́ kan sí méjì ni ògiri tó rin fi ń bu o. Ẹ̀yin lè ṣe sùúrù, omi ò ní ṣe sùúrù fún yín.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ (Fráìdè, ọ̀sán)

@KòSíWàhálà22 òótọ́ lo sọ nípa omi, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan lo padà, o ò gbé ìyá arúgbó dání. Emergency ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ tí ìjì ń jà, ọwọ́ wa máa ń dilẹ̀ díẹ̀, ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni wọ́n máa ń ya wọlé. Ẹni tó já bọ́ lórí àkàbà, ẹni tí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé lẹ́sẹ̀, ẹni tó tẹ ìṣó nínú omi ìdọ̀tí. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n á gbé e sínú gáréèjì, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ díẹ̀ pé atẹ́gùn ń wọlé, gbogbo ilé á sùn. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín yẹn ò ní òórùn, orí fífọ́ àti èébì ló máa ń ṣe wọ́n, wọ́n á ní àárẹ̀ ìrìn ni. Ìta gbangba ló gbọ́dọ̀ wà, kó jìnnà sílé tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹ wá wò ó, ìsàlẹ̀ ilé lẹ wà, tí aládùúgbò bá gbé tiẹ̀ sábẹ́ fèrèsé yín ńkọ́?

Àti oògùn màmá, ṣé ó pé? Tó bá jẹ́ èyí tó ń gbé inú fíríìjì, ibi tí iná wà ni kí wọ́n jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n Galveston (Sátidé, àárọ̀)

Gbogbo yín lẹ gbà á. Ẹnì kan ni kó lọ wo ilé, kí àwọn yòókù dúró. Bàbá ìbejì wà nílùú, àbí kò sí?

Ìjì Ike jà ní 13 September 2008, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ìjọba Galveston ní Texas ní ká wá wo ilé wa ká padà lọ́jọ́ kan náà. Mọ́tò tó rọ́ wá pọ̀ débi pé wọ́n fagi lé e lọ́jọ́ yẹn náà, wọ́n dá wa padà. 24 September ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ìlú fún wa. Ohun tí mo bá nínú fíríìjì mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Torí náà kí bàbá ìbejì má ṣí i rárá, kó fi téèpù lẹ ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Kó mú ìwé tí àdírẹ́sì ilé wà lára ẹ̀ dání torí àwọn ọlọ́pàá. Kó wọ bàtà rọ́bà. Tí omi bá ṣì wà nílẹ̀ kó má fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń pa iná ilé o. Kó tó gbé ohunkóhun, kó ya fọ́tò gbogbo yàrá, pàápàá ilà tí omi fà sára ògiri, kó gbé rúlà tì í.

Owó ńkọ́. Ìnṣọ́ránsì ayálégbé kì í sábà san ti àgbàrá tó wọlé, ṣùgbọ́n àwọn míì máa ń san owó hòtẹ́ẹ̀lì tó bá jẹ́ ìjọba ló ní kẹ́ ẹ kúrò, ìwé yàtọ̀ síra, ẹ pè wọ́n, ẹ kó gbogbo rìsíìtì pa mọ́. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ní FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèrànwọ́ nígbà àjálù, DisasterAssistance.gov tàbí 1-800-621-3362, wọ́n ti kéde ti Milton báyìí, tẹ́ ẹ bá sì ti kọ ti Helene tẹ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tìyẹn, ẹ tún òmíràn kọ. Owó tí wọ́n ń fún èèyàn fún ìnáwó kíákíá, àwọn kan ń pariwo kiri pé gbèsè ni, irọ́ ni, ẹ ò ní dá a padà. Ẹni tí ò ní green card, tó bá lọ́mọ tí wọ́n bí síbí, ó lè kọ ọ́ lórúkọ ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù dù yín.

Ìyá Ìbejì (Sọ́ńdè, 13 October)

Ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀gbọ́n, àti gbogbo yín. Ọkọ mi lọ lánàá lẹ́yìn iṣẹ́, ó ní pàǹtí Helene ṣì wà lójú títì, kápẹ́ẹ̀tì àti bẹ́ẹ̀dì àwọn èèyàn, ìjì tún wá fọ́n ọn ká. Ó ṣe fídíò fún wa. Omi wọlé. Kò pọ̀ o, ìka méjì lára ògiri kọ́rídọ̀, ṣùgbọ́n tó bá gbẹ́sẹ̀ lé kápẹ́ẹ̀tì, à ń gbọ́ ọ lórí fóònù, fọ̀ọ̀ fọ̀ọ̀. Yàrá àwọn ọmọ gbẹ. Ìyá wa gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kó ṣí fírísà káwọn rí ata táwọn lọ̀, ó ní òun ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Àmọ́ látìgbà yẹn wọn ò bèèrè ilé mọ́.

Ìdílé Yorùbá kan níbí ti fún wa ní yàrá kan títí iná fi máa dé. Ìbéèrè mi kan ló kù: láńdílọ́ọ̀dù ti gbé fóònù wàyí, ó ní ká má fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì títí àwọn ìnṣọ́ránsì òun á fi wá wò ó, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n Galveston (Sọ́ńdè)

Ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀! Ẹ kọ̀wé sí i lórí fóònù, kì í ṣe ẹnu lásán, pé ó ń bu, àwọn ọmọ sì wà. Kí bàbá ìbejì ya fọ́tò ẹ̀, kó gé ẹyọ kan tó tó ìwọ̀n ìwé pélébé sínú náílọ́ọ̀nù fún wọn, kó ní kí láńdílọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i kí wọ́n kó ìyókù síta. Tí ò bá fèsì títí di alẹ́ òní, ẹ padà wá sọ fún mi.