Ológbò wa kú lónìí: kí la lè tọ́jú fún ìrántí ká tó sin ín?

Ìyá Tọ́míwá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ológbò wa kú ní ìdájí òní, àìsàn kíndìnrín ló pa á. Àwọn ọmọ fẹ́ ohun tí wọn á máa fi rántí rẹ̀: àmì àtẹ́lẹsẹ̀, irun díẹ̀, bóyá òdòdó lórí ibi tí a bá sin ín sí. Èwo ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe, èwo ló lè dúró? Ológbò kejì ṣì wà nílé.

Anti Mojí: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tọ́míwá. Ẹ kú àmúmọ́ra. Nǹkan méjì péré ni kò lè dúró: irun àti àmì ẹsẹ̀. Fọ́tò, òdòdó, òkúta tí ẹ máa kọ orúkọ sí, gbogbo ìyẹn lè di oṣù tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó gbé e, ẹ tẹ́ aṣọ ìnura tó ti gbó sábẹ́ ìdí rẹ̀. Iṣan tó ń dá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró ti dẹ̀, nǹkan lè dà jáde tí ẹ bá yí i padà. Ẹ ká ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tó bá ń sùn, nítorí láàárín wákàtí díẹ̀ ara rẹ̀ á gan. Ojú lè má pa dé. Ẹ má fipá ṣe é.

Irun: ẹ mú un níbi tó ti gùn jù, ní ẹ̀yìn tàbí ìdí ìrù. Ẹ kọ́kọ́ fi òwú so ìdí ìdì irun náà kí ẹ tó fi sísọ́ọ̀sì gé e lábẹ́ ibi tí ẹ so, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa tú ká mọ́ yín lọ́wọ́. Kó nípọn tó pẹ́ńsù. Ẹ gé ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá tí àwọn ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ. Tó bá gbẹ dáadáa, ẹ fi sínú ìgò kékeré, ẹ fi ọ̀rá dì í pinpin, kí ẹ wá fi sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ òtútù ń jẹ irun náà, ẹyin rẹ̀ kì í sì í hàn sójú. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tú ọ̀rá náà títí òtútù ara rẹ̀ á fi lọ, kí omi má baà sẹ̀ sára irun.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Àmì ẹsẹ̀ ọ̀nà méjì ni, ẹ ṣe méjèèjì. Tí yíǹkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ gé irun tó wà láàárín àwọn ọmọ ìka, òun ló máa ń jẹ́ kí àmì dà bí àbàwọ́n lásán. Ẹ fi aṣọ tútù nu àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Páàdì yíǹkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ka ló dára jù. Ẹ gbé páàdì lọ bá ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ bébà tó le mọ́ ọn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́wàá, èyí tó dára máa wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ kì í dára, yíǹkì máa ń pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, ìyẹ̀fun: ife kan ìyẹ̀fun, ààbọ̀ ife iyọ̀, omi díẹ̀díẹ̀ tí kò ní kọjá ààbọ̀ ife. Ẹ pò ó títí kò fi ní lẹ̀ mọ́wọ́. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Tó bá tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, á fọ́. Tó bá nípọn jù, òkè á gbẹ kí inú tó gbẹ, ibẹ̀ ló ti máa ń sán. Tí ẹ bá ti tẹ ẹsẹ̀ sí i tán, ẹ fi orí ìka kékeré yín mú kí ojú ihò ìka kọ̀ọ̀kan jìn díẹ̀. Ẹ fi í sínú ófùn ní dígírì 100 fún wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Ìyá Tọ́míwá: Ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti gan, ẹsẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Ẹ má tẹ oríkèé rẹ̀ rárá, á kán. Ìyẹ̀fun ni kí ẹ gbé lọ bá ẹsẹ̀. Ẹ fi sórí páálí kékeré, ẹnì kan á di ẹsẹ̀ mú, ẹnì kejì á tẹ páálí náà mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ní tààrà, á sì fà á kúrò ní tààrà. Tí ọwọ́ bá yẹ̀, ẹ pò ó padà, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ gbé ìyẹ̀fun tútù náà jìnnà sí ológbò kejì. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó láti pa ẹran kékeré.

Ìyá Ìbejì: Lílì ni kí ẹ gbìn sórí rẹ̀, òdòdó rẹ̀ funfun báláú.

Dókítà Ẹran: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ jẹ́ lílì nílé tí ológbò wà. Ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ tó bá ta sára irun tí ológbò fẹnu lá, kódà omi inú ìgò tí wọ́n kó o sí, gbogbo rẹ̀ ló ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́. Róòsì kò ní wàhálà.

Ìyá Tọ́míwá, àìsàn kíndìnrín kì í ràn, ẹ jẹ́ kí ológbò kejì wá gbóòórùn òkú náà tó bá fẹ́. Tí kò bá fẹ́, ẹ má fà á wá. Ẹ má fọ gbogbo aṣọ tí olóògbé ń sùn lé lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí kẹ́ ẹ ṣọ́ ni oúnjẹ: bí ológbò kejì bá lo ọjọ́ kan gbáko láìjẹun, ẹ pe dókítà, torí ọ̀rá lè kún ẹ̀dọ̀ ológbò tí kò jẹun, ìyẹn sì lè pa á.

Sísin: ẹ fi aṣọ òwú tàbí páálí dì í, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kó jẹrà bọ̀rọ̀. Ilẹ̀ tó máa wà lórí rẹ̀ kó tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ajá má baà hú u. Kó jìnnà sí kànga. Ẹ béèrè bí òfin ibi tí ẹ wà bá gbà á, tàbí lọ́wọ́ onílé. Ẹnikẹ́ni tí dókítà bá fún ológbò rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ikú, kó túbọ̀ gbẹ́ ẹ jìn: oògùn náà ò kúrò nínú òkú, ó ń pa ẹran tó bá jẹ ẹ́.

Anti Mojí: Fún ẹni tó bá fẹ́ sun ún: ẹ bi wọ́n bóyá òun nìkan ni wọ́n máa sun tàbí àpapọ̀. Eérú ológbò kìlógíráàmù mẹ́rin kì í sábà kún ife tíì, ẹ má ra ìkòkò ńlá. Ẹ má sì da eérú náà sídìí òdòdó tààrà. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ilẹ̀ tó pọ̀ ni.

Túndé Oníkámẹ́rà: Fídíò tó wà lórí fóònù, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹ ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ó ń dín dídára rẹ̀ kù. Bí ìwé (Document) ni kí ẹ ṣe fi í ránṣẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan sí Google Drive, ọ̀kan sórí fláàṣì. Wá inú àwọn fídíò tí wọn ò ya nítorí ológbò gan-an, ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ sábà máa ń wà. Kí àwọn ọmọ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí: etí wo ló ní àbùkù, àga wo ló ń sùn sí, báwo ló ṣe ń ké tébi bá ń pa á.

Ìyá Tọ́míwá: Àmì ẹsẹ̀ ti wà nínú ófùn. Àárín rẹ̀ ti ń wú sókè o!

Bọ̀dá Káyọ̀dé: Iná ti pọ̀ jù. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ gún un láti ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ jáde, ẹ fi ìka tẹ ibi tó wú kó tó le. Ẹ má kan ojú àmì. Tó bá gbẹ tán, tó tutù, ẹ fi fáníìṣì kùn ún níwájú lẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n kùn lójú nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń fa omi, tó sì máa ń bu.