Kì í ṣe òòfà aláìlágbára, òòfà ayíjúpadà ni

Òkun o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Isanlu ní ká máa pe superparamagnetism, ìyẹn bí hóró òòfà tó kéré jọjọ ò ṣe ń lè kọjú síbì kan fúnra ẹ̀ àfi tí òòfà míì bá wà nítòsí, ní òòfà aláìlágbára, ẹlòmíì ní òòfà tó kú. Mi ò fara mọ́ méjèèjì rárá, torí ọmọ tó bá kà á nínú ìwé á gbà pé bí nǹkan bá ṣe ń kéré sí i náà ni òòfà ẹ̀ á máa rọ, bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Ẹ mú òkúta irin Itakpe tí ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa ní Kabba, magnetite, irú èròjà irin kan, wà nínú ẹ̀, òòfà ń fà á. Tó bá ṣì tóbi, inú ẹ̀ pín sí agbo-agbo (domain), agbo kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó kọjú sí. Tí wọ́n bá wá ṣe é kéré débi pé agbo kan ṣoṣo ló kù nínú hóró, ńṣe ló tún ń lórí kunkun sí i, ó nira láti yí ojú ẹ̀ ju ti odindi òkúta lọ. Àfi tó bá kéré ju nǹkan bíi 20 sí 30 nanomítà (mítà kan tá a pín sọ́nà bílíọ̀nù kan ni nanomítà) lọ ni ọ̀rọ̀ á bẹ̀yìn yọ. Ohun tó ń di ojú ẹ̀ mú síbì kan, bí hóró yẹn ṣe tóbi tó ló ṣe ń lágbára tó, tẹ́ ẹ bá dín ìbú ẹ̀ kù sí ìdajì, gbogbo ara ẹ̀ ti di ìdá kan nínú mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ooru ò dínkù ní tiẹ̀. Iṣu odindi á jókòó jẹ́ẹ́ nínú omi tó ń hó, ẹ̀wà ò lè jókòó. Louis Néel ará Faransé ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 1949, pé ooru lásán ló ń yí ojú irú hóró bẹ́ẹ̀ síbí sọ́hùn-ún.

Ẹ wá gbé òòfà sún mọ́ wọn, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, wọ́n á sì fà gan-an. Ẹ gbé e kúrò, kálukú á yíjú padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n wúlò nínú ẹ̀rọ MRI tó ń ya inú ara, torí wọn ò ní máa fa ara wọn jọ tí òòfà bá ti kúrò. Tẹ́ ẹ bá sì mú un tutù dáadáa, ojú ẹ̀ á tún dúró. Èwo ló wá kú níbẹ̀?

Àwọn kan ní òòfà aláìdúró ti tó. Kò tó, irin inú tiransifọ́mà náà kì í di òòfà mú tí iná bá lọ, ọ̀tọ̀ lohun tó fa tiẹ̀.

Agbo tí mo lò fún domain ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ní físíìsì ní Egbe àti Mopa, ṣé ó ń yé wọn àbí àgbègbè lẹ ṣì ń lò?