Sísin sẹ́ẹ̀lì: "àìtó ọ́síjìn" ni, kì í ṣe "àìsí afẹ́fẹ́"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ títọ́jú sẹ́ẹ̀lì ẹranko nínú abọ́: "gbígbin sẹ́ẹ̀lì", "oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì" fún omi tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, àti "àìsí afẹ́fẹ́" fún hypoxia, ìyẹn ipò tí ọ́síjìn kò tó.

"Sísin" ló yẹ iṣẹ́ náà, kì í ṣe "gbígbin". Ohun tí à ń bọ́, tí à ń kó ẹ̀gbin rẹ̀ dànù, ọ̀sìn ni. Ẹnì kan ní wọ́n á rò pé òkú là ń sin. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "sin adìyẹ" tó ronú kan sàréè.

"Oúnjẹ" kò gbé gbogbo iṣẹ́ omi náà. Glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà, wà nínú DMEM, ọ̀kan nínú irú omi bẹ́ẹ̀, lóòótọ́, gíráàmù 1 tàbí 4.5 nínú lítà kan. Ṣùgbọ́n bíkábọ́nétì kò sí níbẹ̀ fún jíjẹ: òun àti CO2 ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń di pH, ìyẹn ìwọ̀n kíkan omi, mú ní nǹkan bíi 7.4. Inú omi yẹn náà ni ẹ̀gbin ń dà sí. Láktéètì, ẹ̀gbin tí sẹ́ẹ̀lì ń tú jáde bó bá lo glúkóòsì, ń mú un kan, àwọ̀ pupa tí wọ́n fi sínú rẹ̀ á sì di ìyeyè bí èèpo ọsàn pípọ́n. Glútámìn, èròjà oúnjẹ kan nínú omi náà, fúnra rẹ̀ ń túká ní 37°C, amóníà tó ń jáde lára rẹ̀ a sì máa pa sẹ́ẹ̀lì lára. "Omi ìsìn" ni kí a pè é.

Ibi tí mo ti takú ni "àìsí afẹ́fẹ́". Afẹ́fẹ́ wà, ọ́síjìn ni kò tó. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ọ́síjìn ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ń lò ó, àmọ́ HIF-1α, purotéènì tó máa ń tètè bàjẹ́ bí ọ́síjìn bá pọ̀, á dúró, á sì jí àwọn jíìnì tó ń fa glúkóòsì wọlé. Glúkóòsì á tètè tán, láktéètì á pọ̀. Bí ọ́síjìn bá tán pátápátá, ìyẹn la lè pè ní "àìsí".

Ẹ má sì fi ohun tí ẹ̀rọ kọ wọn àìtó. Ínkúbétọ̀ lásán, ẹ̀rọ tí à ń kó abọ́ sẹ́ẹ̀lì sí, ní ọ́síjìn bí ìdá 18, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara kì í sì rí tó ìdá 10. Nítorí náà, "ọ́síjìn ìwọ̀n ara" ni ìdá 5 fún púpọ̀ nínú wọn. Lódì kejì, ọ́síjìn kì í yára gba inú omi kọjá. Mílílítà 15 nínú fláàsìkì 75 cm² jìn tó mílímítà 2. Ẹni tó bá da 40 sí i, tí sẹ́ẹ̀lì sì ti kún ìsàlẹ̀, lè fi àìtó pọ́n wọn lójú nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń kọ 18.

Ìtumọ̀ tí mo dábàá nìyí: "àìtó ọ́síjìn" ni ipò tí ọ́síjìn tó dé ara sẹ́ẹ̀lì kò ká ohun tó ń lò.