Ẹ gbà mí o: òògùn ń lẹ̀ mọ́ inú spacer ọmọ

Ìyá Ìbejì, Kubwa
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 6 tó ní ikọ́-fée ni. Ínhélà búlúù rẹ̀, èyí tó ń tètè ṣí èémí, la ń fi sínú spacer, ìyẹn ike tí òògùn ínhélà ń gbà kọjá dé ẹnu, a máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, kó tó fà á. Òògùn ń ṣe funfun lára ike náà, ikọ́ ò sì tètè rọlẹ̀. Mo ń fọ̀ ọ́ o, mo sì ń fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún gbẹ. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Tówẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an ni, Ìyá Ìbejì. Bí aṣọ bá ti ra ike, iná mànàmáná kékeré á wà lára rẹ̀, irú èyí tó ń jẹ́ kí irun tẹ̀lé òòyà nígbà ọyẹ́. Òun ló ń fa òògùn mọ́ra kó tó dé ẹnu ọmọ. Ẹ tú spacer náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ kán ọṣẹ ìfọwo olómi sí, fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi kànìnkànìn kàn án. Ibi tí ẹnu ń kàn nìkan ni kí ẹ fi omi ṣan, àyàfi tí ìwé tó bá a wá bá sọ ohun mìíràn, torí ọṣẹ tó kù nínú ike ló ń pa iná yẹn. Ẹ gbé e dúró kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó.

Apòògùn Wuse
Títẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra náà ò dáa. Òògùn á kọlu ara wọn, á di ẹ̀kán ńlá, á sì jábọ́ sínú ike. Ẹ mi ínhélà, kí ọmọ jókòó gbọnrangandan, kó pa ètè dé dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó mí sínú mí síta jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún láì yọ ẹnu. Bí spacer bá ń súfèé, ó ń yára jù nìyẹn. Ẹ dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un mì, kí ẹ tó tẹ ìkejì. Tí dókítà bá fún un ní ínhélà aláwọ̀ ilẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó ń dènà ikọ́-fée, kó fọ ẹnu, kó tu omi rẹ̀ dànù, kí funfun má bàa bo ahọ́n rẹ̀.

Bàbá Kàdúná
Ẹni tí kò rówó spacer ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada
Ike omi mílílítà 500 ṣe é lò, Bàbá. Ẹ lu ìdí rẹ̀ ní ihò tó bá ẹnu ínhélà mu rẹ́gí, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí àyíká rẹ̀. Ọrùn ike ni ọmọ á fi sẹ́nu. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Cape Town, tó jáde ní 1999, fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ bí èyí tí a ń rà. Ẹ kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ yẹn fọ̀ ọ́, kó gbẹ.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ ò bá lè sọ̀rọ̀ já gaara, tàbí tí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Ẹ máa tẹ búlúù náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, títí dé 10.